Ṣé FIA Lè Gba Tíráàkì Inú Gèmù Yẹn? Àlàyé fún Ẹ̀yin Tó Ń Gbá Gèmù Mọ́tò n'Íbàdàn

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láwọn ilé gèmù ní Agbowó, Bódìjà àti Mọ́kọ́lá. Ẹnì kan á gbé mọ́tò wọ ọ̀kan nínú àwọn tíráàkì tí àwọn tó ṣe gèmù fi orí ara wọn gbé kalẹ̀, bíi Trial Mountain tàbí Deep Forest inú Gran Turismo. Ẹlòmíì á ní FIA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìje mọ́tò káàkiri àgbáyé, ò lè gba irú èyí láéláé. Ẹni kẹta á dá a lóhùn pé, "Monaco ńkọ́? Ṣebí àárín ìgboro ni wọ́n ti ń sáré níbẹ̀." Ariwo á sì gba gbogbo ilé.

Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Ohun tó fà á ni pé òfin ààbò eré ìje mọ́tò kì í ṣe ìdájọ́ kan ṣoṣo, pé "ó yẹ" tàbí "kò yẹ". Òfin oríṣi méjì ló wà nínú ìwé kan náà. Oríṣi kan ń dáàbò bo ara àti ẹ̀mí: ti awakọ̀, ti òṣìṣẹ́ etí ọ̀nà, ti èrò ìwòran. Oríṣi kejì ń dáàbò bo ìje fúnra rẹ̀: pé kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí àyè kọjá, pé kí gbogbo wọn má forí gbárí ní kọ́nà àkọ́kọ́. Gèmù lè pa oríṣi àkọ́kọ́ tì, torí ẹ̀mí ẹnikẹ́ni ò sí nínú ewu. Bó bá pa ìkejì tì, àwa tó ń gbá a la máa jìyà ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ti ń fi kọ̀ǹpútà ya tíráàkì tiwọn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n lè jù nù àti èyí tí wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.

 Ìlú Paris ni wọ́n ti dá FIA sílẹ̀ lọ́dún 1904. Apá ìwé òfin wọn tó sọ̀rọ̀ nípa tíráàkì ni wọ́n ń pè ní Appendix O, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ "Grade" tí ẹ máa ń gbọ́ ti wá.

Grade yìí ló ń rú èèyàn lójú jù. Ọ̀pọ̀ rò pé Grade 1 ni tíráàkì tó dára jù, pé Grade 4 sì ni èyí tí kò dára tó. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Irú ọkọ̀ tó fẹ́ sáré níbẹ̀ ni FIA ń wò. Wọ́n á pín ìwọ̀n ọkọ̀ fún agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí wọ́n lè mọ iye kìlógíráàmù tí agbára ẹṣin kan ń gbé. Bí kò bá tó kìlógíráàmù 1, orí tíráàkì Grade 1 ni ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti sáré. Láti 1 dé 2 jẹ́ ti Grade 2, láti 2 dé 3 jẹ́ ti Grade 3, èyí tó bá ju 3 lọ jẹ́ ti Grade 4. Ọkọ̀ Formula 1 wọn nǹkan bíi 800 kìlógíráàmù, agbára ẹṣin rẹ̀ sì tó bíi 1,000. Ẹ pín in, ẹ máa rí 0.8. Nissan Micra tó ń gbé wa láti Challenge lọ sí Dùgbẹ̀ ńkọ́? Agbára ẹṣin kan nínú rẹ̀ ń gbé ju kìlógíráàmù 10 lọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá béèrè pé "Ṣé FIA lè gba tíráàkì yìí?" kò tíì béèrè tán. Fún ọkọ̀ wo? Tíráàkì inú igbó tí kò séwu púpọ̀ nínú rẹ̀ fún mọ́tò kékeré lè di ibi ikú bí wọ́n bá gbé Formula 1 wọ ibẹ̀. Ọ̀nà náà kò yí padà, eré ọkọ̀ ló yí padà. Gèmù kì í bi wá ní ìbéèrè yìí. Ọkọ̀ tó bá wù wá la lè gbé wọ ibi tó bá wù wá, ìdí sì nìyẹn tí iyàn náà kì í fi í ní orí àti ìdí.

Ohun kan tún wà tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Nígbà tí Gran Turismo Sport jáde lọ́dún 2017, orúkọ FIA wà lára ìdíje orí íntánẹ́ẹ̀tì tó wà nínú rẹ̀. Látìgbà náà ni àwọn kan ti gbà pé FIA ti fọwọ́ sí gbogbo tíráàkì inú gèmù náà. Ìdíje ni FIA fọwọ́ sí. Láísẹ́ǹsì tíráàkì jẹ́ ti ilẹ̀ gidi: wọ́n á yẹ àwòrán ọ̀nà wò, wọ́n á fi kọ̀ǹpútà ṣírò eré tí ọkọ̀ máa sá ní ibi kọ̀ọ̀kan, ẹni tí FIA rán á wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín já. Láísẹ́ǹsì ọ̀hún kì í sì í ju ọdún 3 lọ tí wọ́n á fi tún un yẹ̀ wò.

Níbo ni eré yẹn máa lọ?

Gbogbo òfin tó jẹ́ ti ẹ̀mí dá lórí ìbéèrè kan: bí ọkọ̀ bá ya kúrò lójú ọ̀nà, níbo ni eré tó ń sá máa lọ? Eré kì í dédé pòórá. Ó gbọ́dọ̀ tán sórí ilẹ̀, sára táyà, sára irin, tàbí sára èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíráàkì lè dín eré ọkọ̀ kù ní kìlómítà 36 ní wákàtí kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan máa lo nǹkan bíi mítà 39 kó tó dúró. Èyí tó ń sáré 200 máa lo mítà 154. Èyí tó ń sáré 300 máa lo mítà 347. Ẹ ṣàkíyèsí pé eré di ìlọ́po méjì láti 100 sí 200, àmọ́ àyè tí ọkọ̀ nílò di ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà tó di ìlọ́po mẹ́ta, àyè di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ìdí nìyí tí tíráàkì òde òní fi ní pápá gbalasa níta kọ́nà tó yá, tí àwọn tó ń gbá gèmù fi máa ń sọ pé ojú wọn ò fani mọ́ra. Òótọ́ ni pé kò fani mọ́ra. Ìṣirò yìí ló fà á.

Ibi tí àyè ò bá sí la ti máa ń rí aburú. Lọ́jọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1994, Ayrton Senna, awakọ̀ Formula 1, ya kúrò lójú ọ̀nà ní kọ́nà Tamburello ní Imola, lórílẹ̀-èdè Ítálì, ó sì kú. Kọ́nà náà kò le. Àwọn awakọ̀ kì í tẹ bíréèkì níbẹ̀ rárá, ohun tó sì mú kó léwu gan-an nìyẹn, torí pé ẹni tó bá ya kúrò níbẹ̀, eré tó pọ̀ jù ló máa bá a wọ inú ògiri. Ògiri kọnkéré ló wà níta kọ́nà, odò Santerno ló sì wà lẹ́yìn ògiri, wọn ò rí àyè sún un sẹ́yìn. Gerhard Berger ti forí sọ ògiri ibẹ̀ lọ́dún 1989, ọkọ̀ rẹ̀ gbiná, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Nígbà tí àyè ò sí, ohun kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn láti dín eré ọkọ̀ kù kó tó débẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa dà síbẹ̀ lọ́dún 1995, wọ́n ti sọ Tamburello di kọ́nà tó ń tẹ̀ sósì tó tún ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì kó tó wọ̀ ọ́.

Bákan náà ni wọ́n ṣe ọ̀nà gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní Mulsanne ní Le Mans, ilẹ̀ Faransé. Tẹ́lẹ̀, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 6 tí kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ síbì kankan. Lọ́dún 1988, ọkọ̀ kan sáré 405 kìlómítà ní wákàtí kan lórí rẹ̀. Òfin wá dé pé ọ̀nà tó tọ́ kò gbọ́dọ̀ ju kìlómítà 2 lọ, ni wọ́n bá fi chicane méjì, ìyẹn kọ́nà kékeré tó ń mú kí ọkọ̀ dín eré kù, gé e sí mẹ́ta lọ́dún 1990. Ẹ̀yin tó ń gbá Gran Turismo mọ ìtàn yìí láìmọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n, torí pé gèmù náà ní Le Mans méjì: èyí tó ní chicane àti èyí tí kò ní. Èyí tí kò ní yẹn ni ilẹ̀ ayé ti fòfin dè. Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí òfin kìlómítà 2 ń ṣe, ẹ gbé ọkọ̀ kan náà wọ méjèèjì, kí ẹ máa wo nọ́ńbà eré rẹ̀ nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ògiri tún ní ohun kan nínú tí ọ̀pọ̀ ò rò. Ògiri tó sún mọ́ ọ̀nà kì í fìgbà gbogbo burú. Bó bá gùn lọ bọ̀rọ̀kọ̀tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí kò ní ihò, tí kò ní igun, ọkọ̀ tó bá fẹ̀gbẹ́ sọ ọ́ máa ń yọ̀ lára rẹ̀ lọ ni, eré rẹ̀ á sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń pààyàn ni ibi tí ọkọ̀ ti máa forí sọ nǹkan gán-ín: igun ògiri, ìdí igi, ẹnu ihò tí wọ́n gbẹ́ gba inú òkè. Ní Bahrain lọ́jọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 2020, lórí tíráàkì Grade 1, Romain Grosjean wọ inú irin ìdènà kan tó yọrí síta sí ọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀. Irin náà là, ọkọ̀ gé sí méjì, iná sọ. Ó jáde láàyè. Irin kékeré tó wà lókè orí awakọ̀, tí wọ́n ń pè ní halo, tó di dandan lọ́dún 2018, wà lára ohun tó gbà á là. Ẹ wá pa dà sí Trial Mountain, kí ẹ wo àwọn àpáta tó yọ igun síta àti ẹnu ihò inú òkè náà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹni FIA máa kọ́kọ́ dúró sí, kì í ṣe ibi tí ọ̀nà ti tóóró.

Òkè tó ń gbé ọkọ̀ fò ńkọ́? A fẹ́ràn rẹ̀ nínú gèmù. Ìwé òfin ní ìṣirò fún un: ẹ mú iye eré ọkọ̀, ẹ fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 15 pín in. Ohun tó bá jáde ni rédíọ̀sì (ìdajì fífẹ̀ òbírí) orí òkè náà ní mítà, kò sì gbọ́dọ̀ dín sí i. Ní 200 kìlómítà ní wákàtí kan, ó ń lọ sí nǹkan bíi mítà 2,670. Ìyẹn ni pé orí òkè náà gbọ́dọ̀ rọ̀ débi pé bí wọ́n bá ya òbírí rẹ̀ parí, òbírí ọ̀hún á fẹ̀ ju kìlómítà 5 lọ. Òkè tí ọkọ̀ ti ń fò nínú gèmù kì í sún mọ́ èyí rárá.

Jann Mardenborough jẹ́ ọ̀kan lára wa, torí ìdí gèmù ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìdíje GT Academy tí wọ́n fi Gran Turismo ṣe lọ́dún 2011 ló ti jáwé olúborí, wọ́n sì gbé e láti ìdí páàdì dé ìdí ọkọ̀ ìje gidi. Lọ́jọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2015, ó ń wa Nissan GT-R ní tíráàkì Nordschleife, ní Jámánì. Bó ṣe gun òkè kan tí wọ́n ń pè ní Flugplatz, imú ọkọ̀ náà gbéra sókè, atẹ́gùn wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì fò kọjá wáyà ìdènà bọ́ sáàárín èrò ìwòran. Ẹnì kan kú. Òkè yẹn wà nínú gèmù. Àìmọye èèyàn ti gùn ún, wọ́n ti fò níbẹ̀, wọ́n tẹ bọ́tìnì, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Ní Jámánì, wọ́n kọ́kọ́ dín iye eré tí ọkọ̀ lè sá kù ní àwọn apá kan tíráàkì náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ojú ọ̀nà Flugplatz ṣe kí ọkọ̀ má bàa máa gbéra mọ́. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé FIA ń ba adùn tíráàkì jẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ẹni tó dúró lẹ́yìn wáyà lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn òṣìṣẹ́ etí ọ̀nà ni gèmù yọ kúrò pátápátá. Nínú òfin, ibùdó àwọn tó ń ju àsíá kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí ara wọn ju mítà 500 lọ. Áńbúláǹsì gbọ́dọ̀ wà ní sẹpẹ́, ilé ìwòsàn kékeré gbọ́dọ̀ wà nínú ọgbà. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí náà ń kú. Ní Kyalami, ní South Africa, lọ́dún 1977, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan gbé páńpù panápaná sá kọjá lójú ọ̀nà kó lè lọ pa iná ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ Tom Pryce gbá a, páńpù náà sì ba Pryce lórí. Àwọn méjèèjì kú. Lọ́dún 2014 ní Suzuka, ní Japan, awakọ̀ kan, Jules Bianchi, wọ abẹ́ katakata tó ń gbé ọkọ̀ míì kúrò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Formula 1 mú òfin wọlé pé bí òṣìṣẹ́ bá wà lójú ọ̀nà, wọ́n lè pàṣẹ kí gbogbo ọkọ̀ dín eré kù lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú gèmù, ọkọ̀ tó bà jẹ́ kàn máa ń pòórá ni. Ìdí kan tí tíráàkì inú gèmù fi lè tóóró tó bó ṣe wù ú nìyẹn: kò sí katakata, kò sí ẹni tó máa sáré wọ ojú ọ̀nà.

Monaco ńkọ́?

Òfin sọ pé tíráàkì tuntun fún Formula 1 gbọ́dọ̀ gùn tó kìlómítà 3.5, kó má sì ju 7 lọ. Monaco jẹ́ 3.337. Spa, ní Belgium, jẹ́ 7.004. Ìje Formula 1 gbọ́dọ̀ tó kìlómítà 305, àmọ́ ti Monaco jẹ́ 260. Kí ló dé tí wọ́n fi gbà wọ́n?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn nọ́ńbà yìí wà fún tíráàkì tuntun. Fún tíráàkì tó ti wà tipẹ́, FIA lè wo gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, kó sì gbà á láàyè pé kó yàtọ̀ níbi kan tó bá ti rí i pé ewu rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ìkejì ni pé Monaco kò yá rárá. Kọ́nà rẹ̀ pọ̀, ọ̀nà rẹ̀ tóóró, eré ọkọ̀ ò sì pọ̀ tó ti ibòmíì. Irin ìdènà ibẹ̀ sún mọ́ ọ̀nà, ó sì gùn lọ bọ̀rọ̀kọ̀tọ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé. Kireeni wà káàkiri tó ń gbé ọkọ̀ tó bà jẹ́ kúrò kíá. Nítorí náà, ẹni tó bá fi Monaco gbe tíráàkì inú gèmù lẹ́yìn ní láti fi hàn wá pé tíráàkì tirẹ̀ náà lọ́ra tó Monaco. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lọ́ra.

Òfin tí gèmù ò gbọ́dọ̀ jù nù

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń ya tíráàkì fetí sí jù nìyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò wa fi kọ̀ǹpútà ya ìgboro Ìbàdàn. Tíráàkì rẹ̀ gbéra ní Mọ́kọ́lá, ó gba Adámásingbá sọ̀ kalẹ̀ sí Dùgbẹ̀, ó yí Cocoa House po, ó sì gba ọ̀nà míì pa dà. Iṣẹ́ náà wú mi lórí gan-an. Ó ya gọ́tà, ó ya páànù orí ilé tó ti dípẹtà, ó ya agboòrùn àwọn oníṣòwò etí títì. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi mọ́tò mẹ́rìndínlógún sáré níbẹ̀, mẹ́wàá á ti fọ́ kí wọ́n tó kúrò ní Mọ́kọ́lá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fẹ ọ̀nà náà ni?"

Mo ní kó kọ́kọ́ wọn ọ̀nà láti ìlà ìbẹ̀rẹ̀ dé kọ́nà àkọ́kọ́. Kò tó mítà 80. Òfin FIA ní ó kéré tán, kó jẹ́ 250. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìkan ló wà nídìí òfin yìí. Ọkọ̀ tó gbéra lẹ́ẹ̀kan náà nílò ọ̀nà gígùn kí wọ́n tó tú ká, kí ẹni tó yára tó wà níwájú, kí ẹni tó lọ́ra tó bọ́ sẹ́yìn, kí gbogbo wọn má wọ ẹnu kọ́nà pa pọ̀. Ẹ̀kọ́ nípa bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ṣe ń rìn ni, kò sì yí padà nítorí pé mọ́tò náà jẹ́ àwòrán lásán. Nínú gèmù, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ẹni tó wà nídìí páàdì ò bẹ̀rù ikú, kò bẹ̀rù owó àtúnṣe ọkọ̀, orí ló fi ń wọ kọ́nà. Ẹni tí ìbẹ̀rù ò sí lára rẹ̀ nílò àyè ju ẹni tó ń bẹ̀rù lọ. Mo sọ fún un pé kó sún ìlà ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, kó má fẹ ọ̀nà kankan. Ó sún un, ọ̀nà sì là.

Ọ̀rọ̀ fífẹ̀ náà ní tirẹ̀. Tíráàkì tuntun gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mítà 12, ibi tí ọkọ̀ tò sí láti gbéra sì gbọ́dọ̀ tó 15. Ọkọ̀ Formula 1 fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 2. Àyè mítà 12 yìí ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ méjì lè wọ kọ́nà pa pọ̀ láìfara kan ara wọn, kí ìkẹta sì tún rí ọ̀nà yà sí bí àwọn méjì bá ń jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin pé ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé tóóró: díẹ̀díẹ̀ ni kó máa dín kù. Ní tíráàkì Ìbàdàn yìí, ọ̀nà méjì pàdé di ẹyọ kan lójijì nítòsí Dùgbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìjàǹbá kejì ti máa ń ṣẹlẹ̀. A fi ibẹ̀ ṣe ibi tí ọ̀nà ti ń tóóró díẹ̀díẹ̀, ó sì di ibi tí wọ́n ti ń já ara wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n.

Gọ́tà ńkọ́? Mo ní kó fi í sílẹ̀. Lórí ilẹ̀ gidi, FIA ò lè gbà á, torí pé etí tíráàkì gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ líle tó tẹ́jú, tó sábà máa ń fẹ̀ láti mítà 1 sí 5, kí táyà tó bá yà kúrò má rì sínú ihò kí ọkọ̀ sì gbókìtì. Gọ́tà ìgboro Ìbàdàn jinlẹ̀ tó láti yí ọkọ̀ dé. Àmọ́ nínú gèmù, gọ́tà ń ṣiṣẹ́ rere kan: ó ń kọ́ awakọ̀ pé ojú ọ̀nà ló yẹ kó wà. Tíráàkì òde òní ti sọ iṣẹ́ yẹn nù nígbà tí wọ́n da ọ̀dà sí gbogbo etí ọ̀nà. Ẹni tó bá yà síta á kàn tún wọlé pa dà, nígbà míì á tún jèrè ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣọ́ ìlà funfun lójú méjèèjì nínú Formula 1 báyìí, tí ẹni tó bá gbé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá rẹ̀ ń jìyà. Gèmù tó bá ya pápá ọ̀dà gbalasa gbọ́dọ̀ ní irú ìjìyà bẹ́ẹ̀. Gèmù tó bá ya gọ́tà ò nílò rẹ̀, gọ́tà á ti jẹ ẹ́ níyà.

Ó tún fẹ́ gbé ìlà ìbẹ̀rẹ̀ tíráàkì mìíràn sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó, kí gbọ̀ngàn Màpó lè wà lẹ́yìn wọn bí wọ́n bá ń gbéra. Òfin ní ibi ìgbéra kò gbọ́dọ̀ ga sókè ju mítà 2 lọ nínú mítà 100. Ẹ̀yin tó ti rìn láti Bẹẹrẹ gòkè lọ sí Màpó mọ̀ pé ibẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú gèmù, kò ṣe nǹkan kan. Mo ní kó gbé e síbẹ̀, torí pé ojú ibẹ̀ dára púpọ̀.

Àwọn tó ṣe Gran Turismo fúnra wọn yan ohun tí wọ́n fẹ́ mú nínú òfin yìí. Nígbà tí Trial Mountain pa dà dé nínú Gran Turismo 7 lọ́dún 2022, àpáta wà níbẹ̀, igi wà níbẹ̀, ihò inú òkè náà wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n mú gùn sí i ni ọ̀nà tó tọ́ tó wà lápá ẹ̀yìn, wọ́n sì tún kọ́nà tó kẹ́yìn ṣe, kí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn lè rí àyè kọjá. Ẹ̀yin tó ń ya tiyín náà, ẹ mú téèpù inú kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ wọn mítà 250 láti ìlà ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó ya ohunkóhun míì.